Ìbéèrè Tí Ebi Bi Ọmọ Mẹ́ta Lórí Òkè Sierra Nevada

Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù kí Moses Schallenberger wọlé, kò sì lè gbé e. Igi tí wọ́n fi dábùú ẹnu ọ̀nà ahéré náà kò ga ju ínǹṣì 9 lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú, ó gbé e kọjá igi náà, ó sì tún gbé ìkejì. Ọdún 1844 là ń wí, ní oṣù Kejìlá, létí adágún Truckee tí wọ́n ń pè ní Donner Lake lónìí, lórí òkè Sierra Nevada ní Kalifọ́níà. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí òun àti àwọn ará rẹ̀ gbéra láti ìlà-oòrùn. Kò sí ẹnì kankan nínú ahéré tó ń wọ̀ lọ yẹn, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà.

Òrukàn ni. Elizabeth, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dókítà John Townsend, ló ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n bá nǹkan bí ènìyàn 50 rìnrìn àjò lọ sí Kalifọ́níà, tó ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè ní nǹkan bí àárín oṣù Kọkànlá, yìnyín ti ń bọ́. Wọ́n fi tipátipá wọ́ díẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn gun òkè, wọ́n fi 6 sílẹ̀ létí adágún. Ọjà tí Townsend fẹ́ lọ tà wà níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì, Joseph Foster àti Allen Montgomery, ní àwọn á dúró ṣọ́ ọ. Moses ní òun náà á dúró. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un. Ẹrù ẹni tó tọ́ ọ dàgbà ni, mo sì rò pé ìdí tó fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n rò pé yìnyín ibẹ̀ á rí bíi ti ìlú wọn, tó ń bọ́ lónìí tó ń yọ́ lọ́la, pé àwọn á sì máa rí ẹran pa. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ ahéré. Igi páìnì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò léra, fífẹ̀ rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12, gígùn rẹ̀ 14, awọ màlúù àti ẹ̀ka igi ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Kò ní fèrèsé. Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ báyìí ni yìnyín bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Àwọn ẹran ìgbẹ́ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibi tó móoru. Màlúù méjì tó ti rù kan egungun ni wọ́n ní. Wọ́n pa wọ́n, wọ́n ṣírò ẹran náà, wọ́n sì rí i pé kò lè gbé ẹni mẹ́ta dé ìgbà tí yìnyín á yọ́.

Wọ́n pinnu láti fẹsẹ̀ rin kọjá òkè. Wọ́n tẹ àwọn igi tí wọ́n fi na ìbòrí kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n fi awọ hun àárín rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di bàtà pẹrẹsẹ tí kò ní jẹ́ kí ènìyàn rì sínú yìnyín. Wọn ò ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n dè é níwájú, wọ́n tún dè é ní gìgísẹ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbésẹ̀ ni wọ́n ń gbé bàtà àti yìnyín orí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Kò pẹ́ tí iṣan itan Moses bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ó ṣubú, ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún ṣubú. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, orí òkè ni wọ́n wà. Wọ́n dáná sórí yìnyín, iná náà sì ń yọ́ ibi tó wà lọ sísàlẹ̀ títí ó fi di kòtò jíjìn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní òwúrọ̀ ló sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Òun á padà sí ahéré, òun á máa jẹ ẹran tó kù níbẹ̀ bí òun bá ṣe lè jẹ ẹ́ tó. Nígbà tí ó dàgbà tó ń ròyìn ọjọ́ yẹn, ó ní àwọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí ọkàn àwọn ti kún jù. Àwọn kàn bọ ara àwọn lọ́wọ́, wọ́n ní ó dàbọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń ka ìtàn yìí, nítorí ohun tí ọmọ yẹn ṣe ju ìgboyà lásán lọ. Tó bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi òun sílẹ̀, àwọn àgbà méjì yẹn ni ì bá gbé ẹrù ìpinnu náà: kí wọ́n dúró tì í kí ẹran tètè tán lọ́wọ́ gbogbo wọn, tàbí kí wọ́n kẹ̀yìn sí ọmọ tó ń sunkún. Kò jẹ́ kí ó débẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kí wọ́n lè lọ láìní ẹ̀bi lọ́rùn. Ẹ rántí pé obìnrin ti Montgomery gbé níyàwó ti lọ ṣáájú, ó ń retí ọkọ rẹ̀ lódì kejì òkè.

Ohun tó gbà á là nínú ebi ni pàkúté irin mélòó kan tí Elisha Stephens, olórí ìrìn àjò wọn, fi sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ó fi orí màlúù ṣe ìdẹ. Ohun tó kọ́kọ́ mú ni coyote, ajá igbó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó ti rù hangogo. Ó sè é, ó yan án, ó tún un sè lọ́nà mìíràn, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi, nítorí ẹran kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣe é jẹ. Láti ìgbà náà, nǹkan bí ọjọ́ méjì-méjì ló ń rí ọ̀kan. Ó fi àwọn coyote kọ́ sẹ́yìn ahéré fún ọjọ́ tí kò bá sí nǹkan mìíràn, ìgbà kan sì wà tó ní 11 níbẹ̀. Kọfí tó ní kò ju ife kan lọ. Ó fi pamọ́ di ọjọ́ Kérésìmesì.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó ìwé dání lọ sí Kalifọ́níà, ìwé náà sì wà nínú ẹrù tó ń ṣọ́. Ewì Byron wà níbẹ̀, lẹ́tà tí Lord Chesterfield kọ sí ọmọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Lálẹ́, nídìí iná igi páìnì, Moses á máa kà wọ́n sókè kí ó lè gbọ́ ohùn ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn ara rẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ìwé Chesterfield yẹn. Ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hùwà láàárín àwọn ẹni ńlá, bí wọ́n ṣe ń jókòó nídìí tábìlì. Òrukàn tó ń bó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ ló sì wá di ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ náà. Mi ò mọ ọmọ tí ìwé yẹn wúlò fún jù ú lọ.

Ní òpin oṣù Kejì ọdún 1845, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dennis Martin gun òkè padà wá, nítorí Elizabeth ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá òun wo àbúrò òun. Ọ̀kan nínú ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tún bàtà yìnyín náà so. Iwájú nìkan ló dè, ó fi gìgísẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa gbéra. Ohun tó fẹ́ pa ọmọ yẹn kò ju ìdè kan lọ.

Ahéré náà kò wó. Ó dúró síbẹ̀ fún ọdún méjì láìsí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀, kí ìdílé Patrick Breen tó dé bá a ní ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 1846. Ara ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò sí Kalifọ́níà tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ẹgbẹ́ Donner ni wọ́n. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ẹgbẹ́ yìí, ohun kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbọ́, ìyẹn ni pé wọ́n jẹ òkú ènìyàn. Inú mi kì í dùn sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bíi pé ìtàn ìdẹ́rùbà ọmọdé ni. Ènìyàn 87 ni wọ́n, àwọn 48 ló yè é, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé ogún ọdún.

Sacramento ni mo ń gbé, ọ̀nà Reno sì gba orí òkè yẹn kọjá. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn náà ni mo tó yà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ère ìdílé kan síbi tí ahéré náà wà, wọ́n gbé ère náà lé orí pèpéle òkúta tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 22, wọ́n ní bí yìnyín ọdún náà ṣe ga tó nìyẹn. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀, mo gbójú sókè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, àwọn ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Kí ọkàn ẹni tó lè gba ohun tí pèpéle yẹn ń sọ, ó nira.

Virginia Reed pé ọmọ ọdún 13 lójú ọ̀nà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1846. Springfield ní Illinois ni wọ́n ti gbéra ní oṣù Kẹrin. James Reed, ọkọ ìyá rẹ̀ tó ń pè ní bàbá, wà lára àwọn tó yàn láti gba àbùjá tí Lansford Hastings ń polówó káàkiri, àbùjá tí Hastings fúnra rẹ̀ kò tíì fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbà rí nígbà tó ń polówó rẹ̀. James Clyman, ọ̀rẹ́ Reed àtijọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ bọ̀, kìlọ̀ fún un pé kó máa bá ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà lọ. Kò gbọ́. Wọ́n la igbó lórí òkè Wasatch, wọ́n wọ aṣálẹ̀ oníyọ̀, màlúù wọn kú, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ jèrè di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pàdánù. Ní oṣù Kẹwàá ìjà bẹ́ sílẹ̀, Reed gún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Snyder lọ́bẹ, Snyder kú, wọ́n sì lé Reed kúrò nínú ẹgbẹ́. Òru ọjọ́ yẹn, Virginia àti Milt Elliott, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ìdílé rẹ̀ da màlúù, yọ́ tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn, wọ́n fún un ní ìbọn, ọta àti oúnjẹ díẹ̀. Tí ọmọ yẹn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá Reed ò bá má dé Kalifọ́níà, kò sì ní sí ẹni tó máa kó ènìyàn padà wá gbà wọ́n.

Yìnyín dí ọ̀nà mọ́ wọn níwájú òkè. Ìdílé Breen gba ahéré Moses, àwọn yòókù kọ́ tiwọn nítòsí. Ìdílé Donner, tí ọ̀kan nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn ti bàjẹ́ lẹ́yìn, pàgọ́ sí Alder Creek, nǹkan bíi máìlì 6 sí ibẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹran tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ awọ màlúù. Ẹ má rò pé pọ̀nmọ́ ni. Pọ̀nmọ́ tiwa, a ti sun ún, a ti fọ̀ ọ́, ata àti epo wà níbẹ̀, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà ló sì ń bá lọ. Awọ tí wọ́n ká kúrò lórí ahéré ni tiwọn, wọ́n fi iná jó irun rẹ̀, wọ́n sè é títí ó fi yọ́ di ohun tó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, wọ́n sì gbé e mì láìsí iyọ̀ kankan. Virginia ò lè jẹ ẹ́. Ọjọ́ Kérésìmesì, ìyá rẹ̀ yọ ohun tó ti ń fi pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan: èso ápù gbígbẹ díẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀, ṣàkì, àti ẹ̀kìrí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ní oṣù Kíní wọ́n pa ajá wọn, Cash, wọ́n jẹ ẹ́ torí tẹsẹ̀ tawọtawọ.

Oṣù Kíní yẹn náà ni Ìyáàfin Reed, Virginia, Milt àti Eliza Williams, ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, gbìyànjú láti fẹsẹ̀ kọjá òkè. Wọ́n fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ahéré mìíràn. Òtútù pa ẹsẹ̀ Virginia, wọ́n sì ní láti padà. Nínú lẹ́tà tó kọ lẹ́yìn náà, ó ní òun ń rìn dáadáa níwọ̀n ìgbà tí òun rò pé àwọn ń lọ síwájú, ṣùgbọ́n kété tí wọ́n ní ká padà, ẹsẹ̀ òun kò fẹ́ gbéra mọ́. Ọ̀dọ̀ ìdílé Breen ló balẹ̀ sí, nínú ahéré tí Moses kọ́.

Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo gba òwe yẹn gbọ́, mo ti rí i lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tó wọnú ahéré yẹn pẹ̀lú ebi. Patrick Breen, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ń ka àdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́. Virginia á la igi páìnì wẹ́wẹ́, á tan án, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi iná náà mú un kí ó lè rí ìwé. Níbẹ̀ ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Ọlọ́run bá yọ òun, òun á di ọmọ ìjọ Àgùdà, ó sì san ẹ̀jẹ́ náà. Ìyáàfin Peggy Breen rí i pé ọmọ náà ò lè gbé awọ mì. Ọmọ tirẹ̀ pọ̀, ẹran tó ṣẹ́ kù kò tó wọn. Síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á yọ́ ẹ̀kìrí ẹran sí i lọ́wọ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí Milt Elliott kú ní oṣù Kejì, Virginia àti ìyá rẹ̀ ló wọ́ ọ jáde. Wọ́n fi yìnyín bò ó, láti ẹsẹ̀ lọ sókè, wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, títí wọ́n fi dé ojú rẹ̀. Wọn ò jẹ ẹ́, wọn ò sì jù ú síta lásán.

Lára àwọn tó kúrò ní oṣù Kejìlá láti wá ìrànlọ́wọ́, ibòmíràn ni nǹkan gbà. Àwọn 15 ló fi bàtà yìnyín gun òkè, àwọn 7 ló jáde láàyè lẹ́yìn 33 ọjọ́. Wọ́n jẹ òkú ara wọn. Mi ò ní fi gígùn ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dárúkọ Luis àti Salvador, ọmọ ẹ̀yà Miwok, ọmọ ìbílẹ̀ Kalifọ́níà, méjì tó bá Charles Stanton, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà, gbé oúnjẹ wá láti Sutter's Fort, ibùdó kan lódì kejì òkè, láti fi gba ẹgbẹ́ náà là. Àwọn méjèèjì kọ̀, wọn ò fẹnu kan ẹran ènìyàn. Wọ́n sá nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pa wọ́n. William Foster, ọ̀kan nínú àwọn 15 náà, bá wọn nílẹ̀ níbi tí àárẹ̀ mú wọn dùbúlẹ̀ sí, ó yìnbọn pa wọ́n, wọ́n sì jẹ wọ́n. Àwọn yòókù kú kí wọ́n tó jẹ wọ́n. Àwọn méjì yìí ni wọ́n pa láti jẹ. Ẹni tó wá gbà wọ́n là ni wọ́n fi ṣe ẹran, nítorí wọn kò kà wọ́n mọ́ ara wọn.

Àwọn tó wá gbà wọ́n kọ́kọ́ dé adágún ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1847. Wọ́n kó ènìyàn 23 lọ. Kò pẹ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n rí i pé Patty, àbúrò Virginia tó jẹ́ ọmọ ọdún 8, àti Tommy, àbúrò wọn kékeré, kò lè rìn mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n dá wọn padà. Ìyá wọn mú Aquilla Glover, ọ̀kan nínú àwọn tó wá gbà wọ́n, búra pé á padà wá mú wọn. Patty wo ìyá rẹ̀, ó ní, “Màmá, tí ẹ ò bá rí mi mọ́, kí ẹ ṣáà ṣe ìwọ̀n tí ẹ bá lè ṣe.” Virginia kọ ọ́ pé gbogbo àwọn ọkùnrin náà ló sunkún. Nígbà tí Glover gbé àwọn ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ahéré, ìdílé Breen kọ́kọ́ kọ̀ láti gbà wọ́n, ó di ìgbà tí wọ́n bẹ̀ wọ́n dáadáa. Obìnrin kan náà tó ń yọ́ ẹran sí Virginia lọ́wọ́ wà nínú àwọn tó kọ̀. Mi ò rí ìtakora kankan níbẹ̀. Ìwọ̀n ni inú rere ní nígbà tí oúnjẹ bá ní ìwọ̀n, ó sì ti ná púpọ̀ nínú tirẹ̀.

James Reed padà wá pẹ̀lú ẹgbẹ́ kejì, ó pàdé ìyàwó rẹ̀ àti Virginia lójú ọ̀nà, ó lọ gbé Patty àti Tommy. Ìdílé náà yè láìku ẹnì kan. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1847, Virginia kọ lẹ́tà sí ìbátan rẹ̀ Mary Keyes ní Illinois. Ó ní ẹrù àwọn ti tán pátápátá, ṣùgbọ́n òun ò kà á sí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí àwọn ti yọ. Ó ní kí Mary má jẹ́ kí lẹ́tà náà dá ẹnikẹ́ni lágara láti wá. Ó ní kí wọ́n má ṣe gba àbùjá láé, kí wọ́n sì yára. Ó tún kọ gbólóhùn kan tó máa ń dà mí láàmú: pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìdílé tàwọn nìkan ni kò jẹ ẹran ènìyàn.

Mo mọ ìdí tó fi kọ ọ́. Ọmọ ọdún 13 ni, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ́ yẹn, ọwọ́ Peggy Breen ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ bàbá tó wà lódì kejì òkè tó ń wá ènìyàn kiri wà níbẹ̀, ọwọ́ ìyá tó fi ẹ̀wà pamọ́ náà wà níbẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Donald Grayson ti yẹ ìwé orúkọ àwọn tó kú àti àwọn tó yè wò, ó rí i pé ẹni tó wà láàárín mọ̀lẹ́bí yè ju ẹni tó dá wà lọ. Ọ̀dọ́kùnrin alágbára tí kò ní ẹbí níbẹ̀ kú bí eṣinṣin. Milt wà lára wọn.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ kẹta, tí àwọn òǹkọ̀wé kì í bá fẹ̀sọ̀ lò. Jean Baptiste Trudeau ni orúkọ rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún 16. Fort Bridger, ibùdó ọjà kan lójú ọ̀nà, ló ti bá wọn pàdé, wọ́n gbà á síṣẹ́ dída màlúù. Kò ní bàbá, kò ní ìyá. Alder Creek ló bá ìdílé Donner dé. Jacob Donner kú kí Kérésìmesì tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan nínú àwọn ọkùnrin yòókù níbẹ̀. George Donner, ẹ̀gbọ́n Jacob, ti gé ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ẹrù ṣe, egbò náà ti di ọyún, kò lè dìde. Ọmọ ọdún 16 yìí wà lára ọkùnrin díẹ̀ tó ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ wọn láàárín àwọn obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́. Òun ló ń ṣẹ́ igi ìdáná. Òun ló ń fi ọ̀pá gígùn gún inú yìnyín kiri bóyá á kan òkú màlúù tó ti rì sísàlẹ̀. Eliza Donner, ọmọ George, tí kò tíì pé ọdún 4 nígbà náà, rántí títí dọjọ́ ogbó pé ó máa ń ká òun àti ẹ̀gbọ́n òun Georgia sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á gbé wọn síta síbi tí oòrùn ti ń ràn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn tó wá gbà wọ́n kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ bá wọn lọ. Wọ́n ní kó dúró, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣẹ́ igi. Ó dúró. Nígbà tí ẹgbẹ́ kejì dé, ó tún dúró. Ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn ìjì yìnyín mìíràn, ó bá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clark, ara àwọn tó wá gbà wọ́n, jáde lọ, ó sì fi Tamsen Donner àti George ọkọ rẹ̀ tó ń kú lọ sílẹ̀. Tamsen kọ̀ láti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, òun náà sì kú níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń pe Trudeau ní ọ̀dàlẹ̀.

Mo gbé ilé mọ̀lẹ́bí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé girama. Wọn ò fi ìyà jẹ mí ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bí ó ṣe rí kí gbogbo ilé gbẹ́kẹ̀ lé ẹni fún omi, iná àti ìgbálẹ̀, kó sì jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ń ka ọmọ ilé, wọn ò ní kà ẹ́ mọ́ ọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ka ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ yẹn láìbínú. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe igi ìdáná fún ìdílé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un tó padà sẹ́yìn nítorí wọ́n ní kó padà. Àwọn àgbà tó ní kó dúró, wọ́n ń lọ síbi tí oúnjẹ wà. Ojúṣe ọmọdé sí àgbà ní òpin, mo sì gbàgbọ́ pé ó ti kọjá òpin náà tipẹ́ kí ó tó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí Trudeau lè kọ lẹ́tà sí. Kò ní Mary kankan ní Illinois. Àwọn ẹlòmíràn ló kọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ọ̀gá ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan gbé e jáde nínú ìwé pé ọmọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún òun pé òun jẹ àwọn òkú, ó sì kọ ọ́ bí ẹni pé inú ọmọ náà dùn sí i. Ọmọ ọdún 16 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú irú nǹkan báyẹn, tí àgbà ọkùnrin sì yí i ká tí wọ́n ń bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, mi ò mọ ohun tí kò lè sọ.

Àwọn Washoe, ẹ̀yà ìbílẹ̀ agbègbè náà, kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ wọn ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ wọn ni pé àwọn baba ńlá àwọn rí àwọn àlejò tó há, wọ́n gbìyànjú láti gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n sì yìnbọn lé wọn. Patrick Breen pàápàá kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì pé ọmọ ìbílẹ̀ kan kọjá lọ́dọ̀ òun pẹ̀lú ẹrù wúwo lẹ́yìn, ó fún òun ní gbòǹgbò 5 tàbí 6 tó rí bí àlùbọ́sà, tí adùn rẹ̀ fẹ́ jọ ti ọ̀dùnkún. Ẹni yẹn mọ ohun tó ń jẹ nínú yìnyín yẹn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè.

Ní 1884, Trudeau pàdé Eliza Donner, tó ti di àgbàlagbà obìnrin. Ó sọ fún un pé òun ò jẹ ẹran ènìyàn. Ní 2003 àti 2004 àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ Alder Creek, wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èéfọ́ egungun. Màlúù, ẹṣin, àgbọ̀nrín àti ajá ni èyí tí wọ́n dá mọ̀. Wọn kò rí ti ènìyàn. Ìyẹn ò dá a láre tán, nítorí egungun tí wọn ò fi iná sè kì í pẹ́ jẹrà nínú irú ilẹ̀ yẹn. Trudeau kú ní 1910.

Èmi gbà á gbọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ó jẹ ẹ́, tí ìtìjú ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́ lójú obìnrin tó ti ká sínú bùláńkẹ́ẹ̀tì rí, mi ò ní yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tí mo ti sọ nípa rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ń dárúkọ Virginia pẹ̀lú ìyìn máa dárúkọ òun náà, kí wọ́n sì máa dárúkọ Luis àti Salvador.